Adìẹ Agbo Ilé ní Òjò àti ní Ẹ̀ẹ̀rùn



Nígbà tí àwọn kan nínú yín gbọ́ pé ọ̀rọ̀ adìẹ ni a ó sọ ní ìpàdé yìí, ẹ̀rín ni wọ́n rín. Wọ́n ní iṣẹ́ àlùfáà ni kí ó máa sọ ti ọkàn ènìyàn. Kí ni ó pa àlùfáà pọ̀ mọ́ adìẹ? A kò bínú sí ẹ̀rín náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé Olúwa fúnra rẹ̀ kò fi ojú tín-ín-rín adìẹ. Nígbà tí ó ń dárò ìlú Jerúsálẹ́mù, àgbébọ̀ tí ń ràdọ̀ bo àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó fi ṣe àpèjúwe ìfẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí Pétérù sì sẹ́ ẹ, ohùn àkùkọ ni ó mú un rántí, tí ó fi sọkún.

Bí a bá sì wo àyíká wa, kò sí ẹran ọ̀sìn tí ó sún mọ́ tálákà tó adìẹ. Ẹni tí kò lè ra ewúrẹ́ lè ra adìẹ kan. Ẹni tí kò ní oko ní ẹ̀yìnkùlé. Owó ẹyin ni púpọ̀ nínú àwọn ìyá wa fi ń ra iyọ̀ àti ọṣẹ, òun ni wọ́n sì fi ń ra ìwé fún ọmọ. Nítorí náà, ohun tí ó bá kan adìẹ kan àpò àwọn aláìní inú ìjọ, ohun tí ó bá sì kan àpò aláìní kò lè ṣe aláìkan àlùfáà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: ẹni tí ó ń tọ́jú adìẹ tirẹ̀ nìkan kò tíì tọ́jú adìẹ. Kí a tó dé ìdí ọ̀rọ̀ náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bá adìẹ rìn yí ọdún ká, kí a lè mọ ohun tí ìgbà kọ̀ọ̀kan ń béèrè lọ́wọ́ wa.

Nínú àwọn ìwé tí a fi kọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, a kà pé adìẹ máa ń dáwọ́ ẹyin dúró ní ìgbà òtútù. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn tí ó kọ ìwé wọ̀nyí ń gbé, òtítọ́ ni wọ́n sì wí nípa ilẹ̀ wọn. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ni ó ń ta adìẹ jí láti yé ẹyin. Ní London, ọ̀sán inú oṣù kẹfà ju wákàtí 16 lọ, ti oṣù kejìlá kò sì pé wákàtí 8. Nítorí náà ni adìẹ ibẹ̀ fi ní ìgbà ẹyin àti ìgbà àìyé. Ṣùgbọ́n ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo, àti ní Oǹdó, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀sán tí ó gùn jù lọ àti èyí tí ó kúrú jù lọ nínú ọdún kò pé wákàtí kan. Bí adìẹ wa bá dáwọ́ dúró, kì í ṣe oòrùn ni ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rinrin ni, tàbí ebi, tàbí òùngbẹ, tàbí àrùn. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ̀nyí, kò sí ọ̀kan tí ọwọ́ ènìyàn kò lè dín kù.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà àkọ́rọ̀, ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin. Bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, ikán abìyẹ́ a jáde láti inú ilẹ̀, koríko tútù a hù, ekòló a sún mọ́ òkè ilẹ̀. Adìẹ tí ó ti ń họ ilẹ̀ gbígbẹ lásán láti ìgbà ọyẹ́ a rí oúnjẹ tí ó ní agbára, ẹyin a sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Adìẹ ìbílẹ̀ wa a máa yé tó mẹ́jọ sí méjìlá kí ó tó sàba. Bí ó bá sì sàba lé wọn, ọjọ́ 21 ni òròmọdìẹ fi ń jáde. Ẹ fi èédú sàmì sí ẹyin tí ẹ bá fi sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ lè mọ èyí tí adìẹ mìíràn wá yé lé e lórí, kí ẹ sì mú un kúrò. Ọ̀pọ̀ ẹyin ni ó ń bàjẹ́ nítorí pé a kò mọ èyí tí ó dé lánàá yàtọ̀ sí èyí tí ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì.

Ṣùgbọ́n àkókò yìí kan náà ni àgbàdo wọ́n ní ọjà, nítorí ti èṣín ti ń tán lọ, ti ọdún yìí kò sì tíì gbó. Ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé àgbàdo nìkan yóò fi ebi pa adìẹ rẹ̀ ní ìgbà tí ó yẹ kí ó máa yé. Èérí ògì wà, èèpo ẹ̀gẹ́ tí a sá gbẹ wà, ewé ẹ̀fọ́ tí kòkòrò ti jẹ wà, ikán tí a wú láti inú igi jíjẹrà sì wà fún òròmọdìẹ. Ẹ má sì gbàgbé ohun tí a fi ń ṣe èèpo ẹyin. Ẹ gún ìkarawun ìgbín kúnná, kí ẹ fi sí ojú kan tí adìẹ yóò ti máa ṣà á jẹ. Bí ó bá jẹ́ èèpo ẹyin ni ẹ ní, ẹ yan án nínú iná kí ẹ tó gún un, kí adìẹ má baà mọ̀ pé ẹyin ni, kí ó má baà kọ́ àṣà jíjẹ ẹyin ara rẹ̀.

Bí oṣù kẹfà àti oṣù keje bá dé, òjò a pọ̀, ọ̀tá adìẹ a sì di ọ̀rinrin. Àrùn tí ń mú kí òròmọdìẹ máa ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, inú ilẹ̀ tútù àti ìdọ̀tí ni kòkòrò rẹ̀ ti ń gbilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sáré wá oògùn, nígbà tí ó jẹ́ pé òrùlé tí ń jò ni ó yẹ kí wọ́n tún ṣe. Ẹ gbé ilẹ̀ ilé adìẹ ga ju ilẹ̀ àyíká lọ. Ẹ tẹ́ ohun gbígbẹ sí i, bí irú èyí tí ń jábọ́ lára pákó nígbà tí gbẹ́nàgbẹ́nà bá ń fá a, kí ẹ sì kó o dànù nígbà tí ó bá ti rin. Igbá omi pàápàá, ẹ gbé e lé orí òkúta, kí adìẹ má baà máa yàgbẹ́ sínú ohun tí ó ń mu.

Ní oṣù kẹjọ òjò a sinmi díẹ̀. Àgbàdo tuntun ti dé, owó rẹ̀ sì ti wálẹ̀. Ìgbà yìí ni kí ẹ ka adìẹ yín. Àkùkọ kan tó fún abo mẹ́wàá. Àwọn yòókù ń jẹun lásán, ẹ tà wọ́n. Abo tí ó jáde nínú ẹyin ní ìgbà àkọ́rọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yé nígbà tí ó bá tó bí oṣù mẹ́fà, ìyẹn ni pé nígbà tí àrọ̀kúrò bá ń parí lọ. Báyìí ni ilé tí ó ṣètò rẹ̀ dáradára fi ń ní ẹyin púpọ̀ ní oṣù kọkànlá, tí ọjà Kérésìmesì sì ń súnmọ́ etílé.

Lẹ́yìn èyí ni ọyẹ́ a dé. Òru tutù, ọ̀sán gbóná, eruku bo ohun gbogbo. Kànga a lọ sílẹ̀, àwa tìkára wa a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ omi lò. Adìẹ tí ń yé a máa mu tó ìdá mẹ́rin lítà omi lójúmọ́, ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ooru. Bí a bá fi omi dù ú ní ọjọ́ kan, a ó san án ní ẹyin ọjọ́ púpọ̀. Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Àwọn onímọ̀ sọ fún wa pé adìẹ kò ní ihò òógùn rárá, pé mímí hẹlẹ-hẹlẹ tí ó ń mí pẹ̀lú ẹnu yíyà ni ó fi ń tu ara rẹ̀ lára. Síbẹ̀ òtítọ́ òwe náà dúró: ìnira adìẹ a máa farasin títí yóò fi pẹ́ jù. Ní ìgbà yìí pẹ̀lú ni àṣá ń pọ̀ lójú ọ̀run, tí wọ́n ń tẹ̀lé iná tí ń jó ìgbẹ́. Òròmọdìẹ tí kò ní ibi tí yóò sá sí di tiwọn.

Ṣùgbọ́n àṣá kì í kó gbogbo agbo lọ lọ́jọ́ kan. Ohun tí ń kó o lọ ni lùkúlùkú.

Kò sí ẹni tí ó ti sin adìẹ nínú yín tí kò mọ̀ ọ́n. Adìẹ a dorí kodò, ìyẹ́ rẹ̀ a gbọn jìgìjìgì, ìgbẹ́ rẹ̀ a di àwọ̀ ewé, a máa yà ẹnu fún èémí; òmíràn a lọ́ ọrùn sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ a rọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, agbo tí ó kún ti di ìyẹ́ lásán. Àwọn kan ti fi ọ̀ràn yìí sùn àjẹ́, àwọn kan sì ti bá aládùúgbò wọn jà títí wọn kò fi kí ara wọn mọ́. Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ó jẹ́ gan-an. Àrùn ni, ó ní kòkòrò tirẹ̀ tí ojú kò lè rí. Ní ọdún 1926 ni a ṣàkíyèsí rẹ̀ ní erékùṣù Java ní ìlà oòrùn, àti ní ìlú Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlú tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Ní ilẹ̀ wa, Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn ẹran ti kọ́kọ́ kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀, láàárín oṣù kejìlá ọdún 1952 àti oṣù kejì ọdún 1953. Ẹ kíyè sí àwọn oṣù náà: ìgbà ọyẹ́ ni.

Kí ni ó dé tí ó fi fẹ́ràn ìgbà ọyẹ́? Òtútù òru àti eruku ń dín agbára adìẹ kù, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwa ènìyàn pẹ̀lú ń ràn án lọ́wọ́. Ní oṣù kejìlá ni a ń kó adìẹ láti ọjà dé ọjà nítorí ọdún. Adìẹ tí a rà ní ọjà ní ọjọ́ kẹtàlélógún, tí a so mọ́ ìdí igi títí di òwúrọ̀ Kérésìmesì, lè ti gbé àrùn wá sí agbo ilé kí a tó pa á. Ẹni tí kò sì rí òwò rẹ̀ tà a máa sáré ta adìẹ tí ń ṣàìsàn kí ó tó kú, báyìí ni àrùn náà ṣe ń bá owó rìn.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ ohun kan fún yín, nítorí òun ni ó mú wa dìde láti sọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí a wà ní ìjọ mìíràn, adìẹ 24 ni ó wà ní ẹ̀yìnkùlé ilé àlùfáà. A ti kà nípa àrùn náà, a sì mọ ìgbà tí ó ń bọ̀. Ní oṣù kọkànlá a rán ọmọ lọ sí ìlú ńlá, ó sì ra oògùn àjẹsára wá. Ìgò náà kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ, ṣùgbọ́n a kọ ọ́ sí i lára pé ó tó fún adìẹ 200. Kò sí èyí tí ó kéré sí i ní ibi tí ó ti rà á. A pò ó gẹ́gẹ́ bí ìlànà rẹ̀, a mú àwọn adìẹ wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì kán ẹ̀kán kan sí ojú olúkúlùkù. Iṣẹ́ náà kò gbà tó wákàtí kan. Oògùn tí a bá ti pò, kì í pẹ́ kí agbára rẹ̀ tó lọ; nítorí náà, nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, a da èyí tí ó kù sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. A fọ ọwọ́, a sì dúpẹ́ pé a ti ṣe ojúṣe wa.

Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Adìẹ 24 ni a fi oògùn náà fún. Èyí tí ó tó fún adìẹ 176 ni a dà sílẹ̀.

Lẹ́yìn ọgbà wa ni ìyá àgbàlagbà kan ń gbé. Opó ni, ọmọ ìjọ wa sì ni. Adìẹ mẹ́sàn-án ni ó ní. Wọn a máa gba abẹ́ ọgbà wá jẹ èérí lọ́dọ̀ wa, tiwa náà a sì máa lọ họ ilẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ń bá a gbé, ó wà ní ilé ẹ̀kọ́, owó ẹyin sì ni ìyá náà ń kó jọ fún ìwé àti owó ìdánwò rẹ̀. Àwa mọ gbogbo èyí; a máa ń lọ bẹ̀ ẹ́ wò, a sì ti jókòó lórí àpótí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Síbẹ̀, ní ọjọ́ tí a pò oògùn, kò wá sí wa lọ́kàn láti nahùn pè é láti orí ọgbà.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn Kérésìmesì, ọ̀kan nínú adìẹ rẹ̀ dorí kodò. Kí ọjọ́ mẹ́fà tó pé, mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ti kú. Nínú tiwa, ọ̀kan péré ni ó kú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ keje, ìyá náà wá sọ́dọ̀ wa.

A ní, “Ìyá, ẹ kú ìrọ́jú. Olúwa yóò fi òmíràn rọ́pò.”

Ó ní, “Àmín, Àlùfáà. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ fún àwọn tiyín tí wọn kò fi kú?”

A sọ fún un.

Ó ní, “Kò ha ṣẹ́kù bí?”

A dáhùn pé, “Ó ti tán, Ìyá.” A fẹ́ dákẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ọkàn kò jẹ́ kí a dákẹ́. A ní, “Irọ́ ni mo pa, Ìyá. Ó ṣẹ́kù. A dà á nù ni.”

Ó wo ilẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ kò ṣe é láti pa mí lára, Àlùfáà. Ẹ kò kàn rántí mi ni.” Ó kí wa pé ó dàárọ̀, ó sì lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ó bú wa ni, ìbá sàn fún wa ju èyí lọ.

Ọmọ náà jókòó sílé fún sáà kan. Nígbẹ̀yìn, ìjọ san owó tí ó yẹ, ó sì padà sí ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n sáà tí ó ti kọjá kò ṣe é san padà fún ọmọdé.

Ẹ̀yin ará, a ti rò ó lọ, a ti rò ó bọ̀. A kò jalè, a kò purọ́ àfi ẹ̀ẹ̀kan yẹn, a kò kórìíra ẹnikẹ́ni. Ohun tí a ṣe ni pé a ka agbo ilé wa, a sì dúró sí ìdí ọgbà. Amòfin tí ó bi Olúwa léèrè pé ta ni ọmọnìkejì òun, irú ìṣirò yìí ni ó ń ṣe: ó fẹ́ mọ ibi tí ojúṣe òun parí sí. Ìdáhùn tí Olúwa fún un ni ìtàn ọkùnrin kan tí ó dúró lójú ọ̀nà, tí ó lo òróró àti wáìnì tirẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Àwa mọ ìyá yìí, a mọ orúkọ rẹ̀ àti ti ọmọ ọmọ rẹ̀, oògùn sì wà lọ́wọ́ wa. Àlùfáà inú ìtàn náà kọjá lọ. Àwa kò tilẹ̀ kọjá, ilé ni a jókòó sí.

Bí a bá tilẹ̀ fi ti ìfẹ́ sílẹ̀, tí a sọ ti ọgbọ́n nìkan, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Òwe wa ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hùrù-hẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Adìẹ kò mọ ọgbà. Níwọ̀n ìgbà tí àrùn bá wà lẹ́yìn ọgbà, adìẹ tiwa wà nínú ewu. Àwọn òròmọdìẹ tí wọn yóò jáde nínú ẹyin lọ́la kò sì tíì gba oògùn kankan. Ẹni tí ó ṣe ìgò oògùn náà kò ṣe é fún ilé kan. Ìgò tí ó tó fún adìẹ 200, ta ni nínú wa ni ó ní adìẹ 200? Agbo ilé ni ìgò náà bá mu, àdúgbò ni ó bá mu. Nígbà tí ẹnì kan bá dá a rà, yóò ná owó púpọ̀ yóò sì da púpọ̀ nù. Nígbà tí gbogbo wa bá pawọ́ pọ̀ rà á, yóò tó wa, yóò sì pọ́n wa lé.

Èyí ni ohun tí a ṣe nígbà tí oṣù kẹta dé. A lọ láti ilé dé ilé ní àdúgbò náà, a sì ka adìẹ. Ilé mọ́kànlá ni, adìẹ 163. A pín owó oògùn náà, ohun tí ó kan adìẹ kọ̀ọ̀kan kò sì tó owó ẹyin kan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, nígbà tí adìẹ wọ̀, olúkúlùkù ti tirẹ̀ mọ́lé. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ń mú adìẹ, àwa àti akọ̀wé ìjọ ń kán oògùn. Ọkùnrin kan kọ̀. Ó ní àlùfáà fẹ́ fi adìẹ òun dán nǹkan wò. A kò bá a jà. Ní ìgbà kejì ó mú méjì wá. Ní ìgbà kẹta ó kó gbogbo wọn wá. Ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń kọ́? Ó gba ẹyin mẹ́wàá lọ́wọ́ wa, ó yá àgbébọ̀ tí ń sàba lọ́wọ́ ilé kejì, òròmọdìẹ méje sì jáde. Ìgò tí ó wà lọ́wọ́ wa ní oṣù keje kán ojú márùn-ún nínú wọn.

A kò ní sọ fún yín pé kò sí adìẹ tí ó kú nígbà tí ọyẹ́ tún dé. Àwọn òròmọdìẹ tí wọ́n jáde lẹ́yìn ọjọ́ oògùn kú níye, àgbà díẹ̀ sì kú pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ilé kan nínú mọ́kànlá tí àgò rẹ̀ ṣófo.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ̀ yín láti ṣe nìyí. Èkíní, kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan nínú ìjọ yìí yan ẹni kan tí yóò ka adìẹ gbogbo ilé, ti ọmọ ìjọ àti ti ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ. Ti Mùsùlùmí àti ti ẹlẹ́sìn àbáláyé wà nínú rẹ̀, nítorí àrùn kì í béèrè ilé ìsìn. Èkejì, kí a máa kán oògùn ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún, ní oṣù mẹ́rin-mẹ́rin: oṣù kẹta, oṣù keje, àti oṣù kọkànlá. Ìdí rẹ̀ ni pé agbára oògùn ń dín kù, àti pé àwọn ọmọ adìẹ tuntun ń jáde lójoojúmọ́. Èyí tí oṣù kọkànlá ni kí a má jẹ́ kí ó yẹ̀ láéláé, nítorí òun ni ó ṣáájú ọyẹ́.

Ẹ̀kẹta, kí a ra oògùn náà lọ́wọ́ oníṣègùn ẹran tí a mọ̀, kí a sì bi í ní bí a ó ti lò ó. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Vom lẹ́bàá ìlú Jos, tí a dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe oògùn àjẹsára fún adìẹ. Ọ̀kan wà tí a ń pè ní I-2, tí a kọ́kọ́ ṣe ní Australia nítorí adìẹ abúlé. Ó ń fara da ooru ju àwọn yòókù lọ. Síbẹ̀, ẹ fi aṣọ tútù wé e, kí oòrùn má sì rí i. Ẹ má fún adìẹ tí ó ti ń ṣàìsàn, nítorí ìdènà ni, kì í ṣe ìwòsàn.

Ẹ̀kẹrin, adìẹ tí ẹ bá rà ní ọjà, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 14 kí ó tó dàpọ̀ mọ́ àwọn ti ilé. Ẹ̀karùn-ún, bí adìẹ bá ń kú lójijì, ẹ má tà á, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má sì jù ú sí odò tàbí sí ìgbẹ́. Ẹ sin ín jinlẹ̀, kí ẹ sì sọ fún ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ẹran ọ̀sìn. Ní oṣù kejì ọdún 2006, a rí àrùn mìíràn ní ìpínlẹ̀ Kaduna, ọlọ́jẹ̀ adìẹ tí ó lè ran ènìyàn kí ó sì pa á. Ojú lásán kò sì lè fi ìyàtọ̀ sí i àti lùkúlùkú. Ẹni tí ó ta adìẹ aláìsàn fún ọmọnìkejì rẹ̀ ti ta ju adìẹ lọ.

Kí a tó jókòó, ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ àgbébọ̀ tí Olúwa sọ. Ẹ̀yin ìyá mọ ohun tí a fẹ́ wí, nítorí ẹ ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà. Bí adìẹ bá ti sàba, tí ẹ bá gbé ẹyin adìẹ mìíràn sábẹ́ rẹ̀, yóò ràdọ̀ bò ó. Bí ó ṣe ẹyin pẹ́pẹ́yẹ ni, bí ó ṣe ẹyin ẹtù ni, yóò ràdọ̀ bò ó. Nígbà tí ọmọ bá jáde, tí àṣá bá sì fò kọjá, gbogbo wọn ni yóò pè sábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀. Kì í béèrè pé ẹyin ta ni.

Oṣù kọkànlá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ní ọjọ́ ìsinmi tí ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀, akọ̀wé yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé, kí ẹ sọ iye adìẹ tí ó wà ní ilé yín fún un. Kí ẹ tó wá, ẹ bojú wo ẹ̀yìn ọgbà, kí ẹ ka ti ẹni tí ó wà níbẹ̀ mọ́ ọn.

Kí Olúwa bùkún agbọ̀n àti àgò yín, ní òjò àti ní ẹ̀ẹ̀rùn. Àmín.